Orúkọ Tí Ẹni Méjì Ń Jẹ́

Ní gbogbo ayé tí Ọlọ́run dá, ẹni méjì péré ló ń jẹ́ Ogunkásẹ̀, ọmọ Ìgèdè-Èkìtì sì ni àwọn méjèèjì. Bí ẹnìkan bá sọ fún yín pé òun mọ ẹnì kẹta, irọ́ ló ń pa. Kì í ṣe pé orúkọ náà burú o. Ó dùn ún pè, ìtumọ̀ rẹ̀ sì dára. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi rà á ni kò jẹ́ kí ará ìta yá a lò.

Láyé àwọn baba ńlá, ilé Ọlálérè àti ilé Ìbítóyè fi àdá bá ara wọn jà nítorí ilẹ̀ ọ̀pẹ kan tó wà lẹ́yìn odò. Wọ́n ṣá ara wọn lóko, wọ́n ṣá ara wọn lójú odò, nígbà tó sì yá, wọ́n ṣá ọkùnrin kan pa lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìkórè, pẹ̀lú iṣu ìkórè tó rù. Ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ ta sí ara ilẹ̀kùn ilé Ọlọ́run ni kátíkísì ìgbà náà gbaná jẹ. Ó kó àwọn àgbà ilé méjèèjì jọ, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn, ó ní ẹnikẹ́ni kò ní jáde àfi bí ọ̀rọ̀ bá yanjú. Ọlọ́run bá a ṣe é, ìyàwó ilé kan ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ọkùnrin, ìyàwó ilé kejì náà sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ọkùnrin. Ọjọ́ kan náà ni kátíkísì ta omi sí àwọn ọmọ náà lórí, orúkọ kan náà ló sì sọ wọ́n. Ogunkásẹ̀. Ogun ti kásẹ̀ nílẹ̀, ó parí.

Ilẹ̀ ọ̀pẹ wá di ti ilé méjèèjì, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ tà á. Orúkọ náà kò sì gbọ́dọ̀ kú: bí ẹni tó ń jẹ́ ẹ nílé kan bá kú, ọmọkùnrin tí wọ́n bá kọ́kọ́ bí nílé náà ló máa gbà á. Ṣùgbọ́n ohun tó mú orúkọ náà yàtọ̀ sí gbogbo orúkọ yòókù nìyí. Bí ìjà bá tún ṣẹlẹ̀, tí àdá ròkè, Ogunkásẹ̀ ti ilé kan yóò pe orúkọ náà sókè, Ogunkásẹ̀ ti ilé kejì yóò sì dáhùn pé, "Ó ti kásẹ̀!" Ọwọ́ tó bá ròkè gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ lófìfo. Bí wọ́n bá pè, tí kò sẹ́ni tó dáhùn, a jẹ́ pé kò sí ohun tó de ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹni tó bá ń jẹ́ orúkọ gbọ́dọ̀ jẹ́ ìpè.

Ẹ má rẹ́rìn-ín o, ó ti ṣiṣẹ́ rí. Lọ́dún ìdìbò kan, àwọn ọ̀dọ́ ilé méjèèjì ń fọ́ ìgò mọ́ ara wọn lórí lójú títì. Ogunkásẹ̀ ti ilé Ọlálérè ìgbà náà pariwo orúkọ. Iyán ló wà lẹ́nu ti ilé Ìbítóyè lọ́hùn-ún, kò dúró gbé e mì kó tó dáhùn, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ìgò bọ́ sílẹ̀ wàràwàrà. Àwọn àgbà ṣì ń fi ìtàn yẹn ṣe yẹ̀yẹ́ títí di òní.

Ogunkásẹ̀ ti ilé Ọlálérè lásìkò tiwa yìí, Kásẹ̀ kékeré ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni, ó ń gbé ní Òkè-Ìlá l'Ádó pẹ̀lú Inúolúwa ìyàwó rẹ̀. Pẹ̀lúmi àbúrò rẹ̀ ló wà nílé ní Ìgèdè, tó ń tọ́jú ọ̀pẹ. Àwọn méjèèjì péré ni ìyá wọn bí, kò sì sí ohun tí Kásẹ̀ fẹ́ràn láyé tó Pẹ̀lúmi. Òun ló pọ̀n ọ́n dàgbà, bó tilẹ̀ jẹ́ ọkùnrin.

Ti ilé Ìbítóyè ni Kásẹ̀ àgbà. Ó ti darúgbó, ṣùgbọ́n òun ló gbé Kásẹ̀ kékeré lọ́wọ́ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ rẹ̀. Òun ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi igbà gun ọ̀pẹ. "Àjọjẹ́ mi" ló máa ń pè é, nítorí wọ́n jọ ń jẹ́ orúkọ ni. Bí ó bá rí i lókèèrè báyìí, yóò pariwo, "Ogunkásẹ̀!" Kásẹ̀ náà yóò dáhùn pé, "Ó ti kásẹ̀, Bàbá!" Wọ́n á sì jọ bú sẹ́rìn-ín.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ nìyí. Oyún bàjẹ́ lára Inúolúwa, òmíràn tún bàjẹ́. Ẹni tí irú èyí kò bá ṣe rí ló máa ń ní ìmọ̀ràn jù. Kásẹ̀ àti ìyàwó rẹ̀ gba ìjọ kan lọ ní àdúgbò Adébáyọ̀ l'Ádó, wọ́n sì fún wọn ní fọ́ọ̀mù láti kọ orúkọ sí. Pásítọ̀ náà kì í ṣe ará Èkìtì. Ó rí OGUNKASE lórí ìwé láìsí àmì kankan, ó sì fò dìde.

"Ògún! Brọ́dà, Ògún ni ẹ gbé lé orí, ẹ tún wá ń bi mí pé kí ló ń jẹ oyún nínú ìyàwó yín?"

"Kì í ṣe Ògún, Pásítọ̀," ni Kásẹ̀ wí. "Ogun ni. Ìjà. Wọ́n ní ìjà ti tán."

"Ẹ̀mí àìmọ́ kì í ka àmì ohùn, Brọ́dà. Bó bá ti rí lẹ́tà wọ̀nyẹn, ó ti rí ilé rẹ̀ nìyẹn."

Háà! Ẹ gbọ́ mi kí n sọ tinú mi. Ní ilẹ̀ wa níbí, ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà ṣe é. Wọ́n á gé Ògún kúrò, wọ́n á fi Olúwa dí ojú rẹ̀, kò sì sẹ́ni tí yóò dúró ka ohun tó kù. Ní ọjọ́ ìsinmi tó tẹ̀lé e, wọ́n da òróró sí Kásẹ̀ lórí, wọ́n sọ ọ́ di Olúwakásẹ̀. Ẹ gbé e yẹ̀ wò. Olúwa ti kásẹ̀ nílẹ̀. Olúwa ti palẹ̀ mọ́, ó ti bá tirẹ̀ lọ. Gbogbo ìjọ ké "Àmín" lé e lórí, wọ́n pàtẹ́wọ́, kò sì sẹ́yọ ẹnì kan tí etí rẹ̀ gbọ́ ohun tí ẹnu rẹ̀ ń sọ.

Ìyá rẹ̀ nìkan ló gbọ́ ọ. Orí fóònù ni Kásẹ̀ ti sọ fún un.

"Olúwa kásẹ̀ kẹ̀?" ni obìnrin náà wí. "Ó kásẹ̀ kúrò ní ulé ta? Kásẹ̀, inú ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti sọ orúkọ yẹn! Ùjà àwọn baba rẹ ni wọ́n fi so mọ́lẹ̀. Ta lo gbọ́ rí tó sọ ara rẹ̀ lórúkọ?"

"Yèyé, ẹ jẹ́ kó mọ bẹ́ẹ̀. Lára yín kọ́ ni oyún ti ń bàjẹ́."

Ọ̀rọ̀ burúkú ni, ó sì mọ̀ pé ó burú. Ṣùgbọ́n Inúolúwa tún lóyún lẹ́yìn náà, oyún náà sì dúró. Ta ni yóò tún wá bá Kásẹ̀ sọ̀rọ̀? Ó gbé orúkọ tuntun rẹ̀ lọ sí ilé iṣẹ́ rédíò, kí gbogbo ayé lè gbọ́.

Gbogbo ayé gbọ́. Kásẹ̀ àgbà ń họ iṣu lójúde rẹ̀ ní Ìgèdè nígbà tí rédíò sọ ọ́: èmi tí wọ́n ń pè ní Ogunkásẹ̀ Ọlálérè tẹ́lẹ̀ rí, Olúwakásẹ̀ Ọlálérè ni mò ń jẹ́ báyìí, kí gbogbo ènìyàn kíyè sí i. Baba náà gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó dùn ún wọra. Ọmọ tó gbé lọ́wọ́ kò tilẹ̀ wá sọ fún un lójúkojú, ẹnu rédíò ló ti gbọ́ ọ, pẹ̀lú ìpolówó ọṣẹ.

"Ó dáa," ni ó wí fún Ayọ̀rìndé ọmọ rẹ̀. "Ẹni tí a jọ ń jẹ́ ẹ kò sí mọ́. Bó bá pè mí lọ́la, mi ò ní dáhùn."

Ohun tí Ayọ̀rìndé ti ń wá kiri nìyẹn. Ó ti rí ẹni tí yóò ra ilẹ̀ ọ̀pẹ, ọkùnrin kan l'Ádó tó fẹ́ fi kọ́ ilé. Ọjọ́ kejì ló lọ ri òpó àlà mọ́lẹ̀. Pẹ̀lúmi fa òpó náà tu, ó kó wọn jù sínú odò. Ayọ̀rìndé lu ọmọ ilé Ọlálérè kan lójà títí tí eyín rẹ̀ fi bọ́. Àwọn ilé Ọlálérè náà dáná sun ọ̀kadà ọmọ ilé Ìbítóyè kan. Ẹnu ọjọ́ mélòó kan ni gbogbo èyí fi ṣẹlẹ̀, ohun tó ti sùn láti ayé àwọn baba ńlá sì jí sáká.

Òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta ni fóònù Kásẹ̀ dún. Pẹ̀lúmi ni, ó ń mí gúlegúle.

"Bọ̀ọ̀dá mi, wọ́n ti kó ẹ̀rọ ìgégi wá o! Wọ́n ń gé ọ̀pẹ! Àdá wà lọ́wọ́ gbogbo wọn. Ẹ wá pe orúkọ náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá pè é!"

"Pẹ̀lúmi, kúrò níbẹ̀. Sá lọ sílé. Ṣé o gbọ́ mi?"

"Mi ò lè fi ọ̀pẹ bàbá wa sílẹ̀, Bọ̀ọ̀dá mi."

Bí Kásẹ̀ ṣe wa ọkọ̀ gba Ìyìn-Èkìtì kọjá, òun gan-an kò mọ̀. Adúrà tó ń gbà kò ju ọ̀kan lọ: kí Kásẹ̀ àgbà wà níbẹ̀, kó dáhùn. Ó ń pe orúkọ náà sínú ara rẹ̀, ahọ́n rẹ̀ sì ti wúwo mọ́ ọn. Ó já ọkọ̀ sílẹ̀ létí odò, ó wọ́ omi kọjá pẹ̀lú bàtà ọ́fíìsì lẹ́sẹ̀.

Kó tó rí ẹnikẹ́ni ló ti gbọ́ ẹ̀rọ ìgégi náà. Ariwo rẹ̀ gba gbogbo oko. Ọ̀pẹ ti wó lulẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, ọmọ ilé Ìbítóyè kan sì ń fi ẹ̀rọ náà gé òmíràn lọ́wọ́. Ọmọ ìyá bàbá Kásẹ̀ kan wà nílẹ̀, ó di ojú rẹ̀ mú, ẹ̀jẹ̀ ń gba àárín ìka rẹ̀ jáde. Orí ìtì ọ̀pẹ kan ni Kásẹ̀ àgbà jókòó sí, ọ̀pá rẹ̀ láàárín ẹsẹ̀, ó ń wo ilẹ̀. Ní iwájú rẹ̀ gan-an, kò ju fífò kan lọ, ni Pẹ̀lúmi àti Ayọ̀rìndé ti ń ṣá ara wọn.

Ìjà yẹn kò ṣe é wò. Pẹ̀lúmi ṣá Ayọ̀rìndé lápá, aṣọ rẹ̀ ya, ara rẹ̀ ya. Ayọ̀rìndé ta á nípàá níkùn, ó ṣubú lé eékún, àdá rẹ̀ fò lọ sínú koríko. Ó gbìyànjú láti dìde. Ayọ̀rìndé fi ẹsẹ̀ tẹ itan rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó di irun orí rẹ̀ mú, ó sì gbé àdá sókè.

"Ogunkásẹ̀!"

Kásẹ̀ ló pè é. Ó pè é pẹ̀lú gbogbo ẹ̀mí tó wà nínú rẹ̀. Baba àgbà gbé ojú sókè, ó sì wò ó tààrà, ẹnu rẹ̀ pa dé.

"Ogunkásẹ̀! Bàbá, ẹ dáhùn! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dáhùn!"

Ẹ̀rọ ìgégi ń ké. Kásẹ̀ gbé ojú kúrò lára baba náà, ó wo àbúrò rẹ̀. Àdá sọ̀ kalẹ̀ ní ojú rẹ̀ kòrókòró. Ó bà á ní èjìká, ìró rẹ̀ dún bí ẹni la igi, Pẹ̀lúmi sì ṣubú dojú bolẹ̀ láìké.

Kásẹ̀ kò mọ ìgbà tó rí àdá nínú koríko, tó sì gbé e. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni, ọwọ́ rẹ̀ kò mú ju bírò lọ láti ọjọ́ pípẹ́ wá, ṣùgbọ́n ọmọ àwọn tó ṣá ènìyàn lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì náà ni. Ọmọ Ìbítóyè kan sáré wá dí i lọ́nà, Kásẹ̀ ṣá a lọ́wọ́, ìyẹn ké, ó sá. Òmíràn sọ òkò mọ́ ọn lórí, ẹ̀jẹ̀ bo ojú rẹ̀ kan, kò dúró. Ayọ̀rìndé rí i tó ń bọ̀. Àdá rẹ̀ ti bọ́ sílẹ̀, ó sì na ọwọ́ òfìfo méjèèjì síwájú, ó ń sọ nǹkan tí ẹ̀rọ kò jẹ́ kó gbọ́. Ẹ̀rù ló bà á, ni Kásẹ̀ rò. Ó rẹ́rìn-ín. Ó fi ìdí àdá gbá a lẹ́nu, ó gbá a lulẹ̀, ó sì gun àyà rẹ̀.

Ní ìgbà náà ni ọmọ tó mú ẹ̀rọ ìgégi rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ó sì pa ẹ̀rọ náà. Gbogbo oko dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ogunkásẹ̀!"

Ohùn baba àgbà ni. Ó ti dìde lórí ìtì ọ̀pẹ, ọ̀pá rẹ̀ ti ṣubú. Kásẹ̀ gbọ́ ọ yékéyéké. Láti kékeré ló ti ń gbọ́ ohùn yẹn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì tíì mọ̀ ọ́n rìn dáadáa tí ẹnu rẹ̀ ti mọ ìdáhùn rẹ̀. Ìdáhùn náà wá fúnra rẹ̀, ó dé orí ahọ́n rẹ̀.

"Àjọjẹ́ mi, jẹ́ mi lóhùn! Ọmọ kan ṣoṣo tí mo ní ni! Ogunkásẹ̀!"

Kásẹ̀ wo Pẹ̀lúmi tó dojú bolẹ̀. Ó wo baba tó pa ẹnu dé nígbà tí òun ń bẹ̀ ẹ́.

"Ẹ ò gbọ́ lórí rédíò ni?" ni ó wí. "Olúwakásẹ̀ lorúkọ mi."

Ó sì ṣá Ayọ̀rìndé lọ́rùn. Ó ṣá a lẹ́ẹ̀kan sí i. Kò sẹ́ni tó fà á kúrò lórí rẹ̀, ìgbà tó rẹ̀ ẹ́ ló tó dìde fúnra rẹ̀. Àwọn ọmọ Ìbítóyè tó kù fi àdá wọn sílẹ̀ síbi tí wọ́n dúró sí, wọ́n sì sá wọ inú igbó. Baba àgbà rá wá, ó sì gbé orí ọmọ rẹ̀ lé itan.

Àgọ́ ọlọ́pàá kan l'Ádó ni wọ́n tì í mọ́. Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni Inúolúwa wá, ó fi ọwọ́ di ikùn rẹ̀ mú, ojú rẹ̀ ti wú. Ó dúró ní ìta irin, kò fẹ́ wo ọwọ́ ọkọ rẹ̀.

"Pẹ̀lúmi kò kú," ni ó wí.

Kásẹ̀ kúnlẹ̀ sílẹ̀ níbi tó wà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Inúolúwa kò bá a dúpẹ́.

"Egungun èjìká rẹ̀ ló fọ́. Dókítà ní ẹ̀yìn àdá ló bà á, kì í ṣe ojú rẹ̀. Ó ní ẹni tó ṣá a ti gbé àdá náà bọ̀, ló bá yí ọwọ́ padà lójijì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, orí ni ì bá gé."

"Yí ọwọ́ padà báwo?"

"Baba dáhùn, ọkọ mi." Ohùn rẹ̀ já. "Pẹ̀lúmi gbọ́ ọ. Ó ní iwájú baba náà gan-an làwọn wà. Baba ní, 'Ó ti kásẹ̀,' Ayọ̀rìndé sì gbọ́, ó yí ọwọ́, ó ju àdá sílẹ̀. Ẹ̀rọ ìgégi ni kò jẹ́ kí ìwọ gbọ́."

Ọwọ́ òfìfo méjì yẹn ni Kásẹ̀ ń rí, bí Ayọ̀rìndé ṣe nà wọ́n síwájú, tí ẹnu rẹ̀ ń sọ nǹkan. Ó mọ ohun tí ẹnu náà ń sọ báyìí. Ó fi orí gbá irin, ó tún gbá a, títí tí Inúolúwa fi bẹ̀rẹ̀ sí í kígbe pe ọlọ́pàá.

Ọlọ́pàá kan jáde wá, ó mú un lọ sídìí tábìlì láti gba ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sílẹ̀. Àgbàlagbà ni, ọmọ Èkìtì, jẹ́jẹ́ ló sì ń sọ̀rọ̀.

"Orúkọ?"

Kásẹ̀ la ẹnu. Ó fẹ́ sọ èyí tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe tirẹ̀ mọ́. Ẹnì kan ṣoṣo ló kù láyé tó ń jẹ́ ẹ, ìyẹn sì wà ní Ìgèdè, ó ń sin ọmọ rẹ̀.

"Olúwakásẹ̀," ni ó wí.

Ọlọ́pàá náà dá bírò dúró, ó gbé ojú sókè.

"Olúwa kásẹ̀? Kí ló dé tí Olúwa fi kásẹ̀? Ta ló sọ ẹ́ ní irú orúkọ yìí?"

"Èmi ni," ni Kásẹ̀ wí. "Èmi ni mo sọ ara mi."